Lẹ́ńsì Kan fún Gbogbo Iṣẹ́

Ọjọ́ Ajé, 3/10

Lẹ́ńsì kámẹ́rà mi ti kú. Èmi ni mo gbé e sí etí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù, èmi náà ni mo fi ìgúnpá gbá a, mi ò rí ẹni di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ó yí lọ sábẹ́ àga, nígbà tí mo sì gbé e, ó ń dún wàràwàrà bí agolo tí wọ́n da òkúta sí. Ọkùnrin tó fẹ́ ya pásípọ́ọ̀tù ti jókòó, ó ti tún táì rẹ̀ ṣe, ó ń wò mí. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó padà wá. Kò ní padà wá.

Mo ti pinnu pé ẹyọ kan ni mo máa rà. Mo fẹ́ lẹ́ńsì tí mo lè fi ya ojú èèyàn nínú ṣọ́ọ̀bù, tí mo lè fi ya odindi kíláàsì bí iléèwé bá pè mí, tí mo sì lè gbé kọ́rùn jáde sí títì lọ́jọ́ tí kò síṣẹ́, tí mo bá kàn fẹ́ ya ohun tí mo rí. Ó ti sú mi láti máa ru àpò kiri bí ẹni tó ń kó kúrò nílé.

Olójú-Mẹ́rin tó ń ta lẹ́ńsì ní kí n má tíì sanwó. Bó ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn: ẹ mú un lọ sílé, ẹ lò ó, ẹ dá a padà, ẹ mú òmíràn, títí ojú yín á fi mú ọ̀kan. Ó ní òun kì í ta lẹ́ńsì fún ẹni tí kò tíì bá a gbélé. Awò ojú rẹ̀ tún ti nípọn sí i láti ìgbà tí mo ti rí i kẹ́yìn.

Mo délé, mo ròyìn fún Màmá. Ó ní, "Ọlọ́run fún ọ ní ojú méjì, wọn ò tó ọ. Lọ ra ẹ̀kẹta wá." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nípa eyín tuntun tí wọ́n ṣe fún un, pé ó ń rìn lẹ́nu òun. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ní màá mú un padà lọ bá dókítà eyín. Mi ò tíì ṣe é.

Ọjọ́rú, 5/10

Òjò láti àárọ̀. Lẹ́ńsì 50 ni Olójú-Mẹ́rin kọ́kọ́ fún mi, èyí tí kì í fà, tí kì í sún. Àwòrán rẹ̀ dùn ún wò, ṣùgbọ́n yàrá wa kéré fún un. Mo ń fẹ̀yìn rìn kí n lè rí Màmá tán, àfìgbà tí mo fẹ̀yìn lu kọ́bọ́ọ̀dù. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ti sọ ọ́ dòfin: láràárọ̀, kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, Màmá á jókòó sórí àga ẹ̀bá fèrèsé, màá sì yà á. Ẹnì kan náà, ibì kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà. Bí nǹkan kan bá wá yàtọ̀ nínú fọ́tò, lẹ́ńsì ló fà á. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe ń ṣe é.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Màmá kì í dákẹ́. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ jókòó nídìí ẹ̀rọ tẹlifóònù, tó ń so ẹni yìí mọ́ ẹni yẹn, ta ló lè ní kó jókòó jẹ́ẹ́? Bí mo bá ti gbé kámẹ́rà sójú ni ìtàn ń bẹ̀rẹ̀. Ti òní ni ti ọkùnrin kan tó máa ń pe ilé ara rẹ̀ lọ́sàn-án, tó mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan nílé, tó kàn fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ètè Màmá ń lọ sókè sódò, fọ́tò ń rú.

"Màmá, ẹ dákẹ́ díẹ̀."

"Mo ti dákẹ́. Ìparí rẹ̀ ló kù."

Mi ò gbọ́ ìparí rẹ̀. Mo ti ń pẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8/10

Lẹ́ńsì 28 ni tòní, abẹnu-gbòòrò. Gbogbo yàrá ló gbà, títí kan ẹsẹ̀ èmi fúnra mi. Màmá wo ara rẹ̀ nínú kámẹ́rà, ó ní, "Ta ló ni imú yìí? Dá a padà fún ẹni tó ni ín."

Mo gbé e jáde. Ní títì, àfi kéèyàn sún mọ́ ẹni tó fẹ́ yà bíi pé ó fẹ́ yá a lówó. Ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lódìkejì ilé wa béèrè bóyá àwọn agbowó-orí ló rán mi. Mo dá lẹ́ńsì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11/10

Súúmù! Láti 24 dé 105. Ó wúwo díẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ. Mo yí i síhìn-ín, gbogbo yàrá wọlé. Mo yí i sọ́hùn-ún, irun funfun tó wà létí Màmá nìkan ló kù. Mi ò sì kúrò lójú kan. Láti ojú fèrèsé wa ni mo ti ya alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tó fi sáàárín eyín, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun. Mo ya ọmọdébìnrin kan tó ń bá ọmọ ajá wí. Mo ya aṣọ tí wọ́n sá sórí òrùlé ilé kẹta.

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé dókítà eyín. Màmá ti wọ bàtà, ó ti gbé báàgì sórí itan, ó ń retí mi. Nígbà tí mo máa fi rántí, ó ti bọ́ bàtà náà. Ó ní kò burú, eyín ò ní sá lọ. Ojú tì mí. Mo ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kò ní yẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13/10

Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí. Súúmù náà ṣì ń dùn mọ́ mi. Mo rò pé mo ti rí lẹ́ńsì mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 14/10

Nǹkan kan ti ṣe súúmù yìí. Nínú fọ́tò àárọ̀, apá ọ̀tún ẹnu Màmá wọ́ wálẹ̀, ojú apá ibẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tó ń tòògbé. Mo ya mẹ́ta, bákan náà ni. Gíláàsì kan ló ti yẹ̀ nínú rẹ̀, mo ti rí irú rẹ̀ rí: apá kan fọ́tò á dára, apá kejì á rọ̀, á máa fà. Ó dùn mí wọra, torí mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Màmá ní eyín náà ti burú sí i, pé ètè òun wúwo. Tíì dà sí i láyà nígbà tó ń mu ún. Mo fi aṣọ nù ún, mo ní, "Ẹ rọra, Màmá. Ọjọ́ Ajé là ń lọ." Ó jókòó jẹ́ẹ́ lónìí, kò sọ ìtàn kankan, fọ́tò kankan ò sì rú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15/10

Mo fi fọ́tò àná ránṣẹ́ sí àbúrò mi obìnrin, kó lè rí bí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ṣe bá aṣọ Màmá mu. Kò pẹ́ tó fi pè.

"Àǹtí mi, kí ló ṣe Màmá lẹ́nu?"

"Kò sí nǹkan. Lẹ́ńsì ni."

"Ẹ wò ó dáadáa. Ẹnu yẹn wọ́."

"Mo ti wò ó. Àbí o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?"

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un, bí wọ́n ṣe ń to gíláàsì léra nínú lẹ́ńsì, bí ọ̀kan ṣe lè yẹ̀ díẹ̀, bí ìyẹn ṣe lè ba ojú èèyàn jẹ́. Àlàyé náà dùn lẹ́nu mi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ó dáa, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Ó ní kí n gbé fóònù fún Màmá. Mo ní ó ń sùn. Ó ń sùn lóòótọ́. Láti ọ̀sán ló ti ń sùn.

Ọjọ́ Ajé, 17/10

Mo gbé súúmù padà lọ bá Olójú-Mẹ́rin. Oníbàárà méjì wà níbẹ̀, mi ò sì rọ ohùn mi sílẹ̀ nítorí wọn. Mo ní ó fẹ́ ta ọjà bíbàjẹ́ fún mi.

"Mádáàmù, lẹ́ńsì yìí ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣé irọ́ ni mo wá ń pa níbí?"

"Ẹ ò purọ́. Ẹ jẹ́ kí n rí fọ́tò náà."

Mo ní kámẹ́rà wà nílé. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà náà gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun máa padà wá. Olójú-Mẹ́rin kò bínú, ó kàn ní kí n fi í sílẹ̀, òun á tú u wò. Ó fún mi ní 35, ó ní ó fúyẹ́, ó sì dára nínú yàrá.

Nígbà tí mo máa fi délé, dókítà eyín ti tilẹ̀kùn. Màmá kò tiẹ̀ béèrè. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn báyìí, pé kò béèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18/10

Màmá wà lọ́sibítù.

Ọjọ́bọ̀, 20/10

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí. Bí mi ò bá kọ ọ́ báyìí, màá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi 35 ya Màmá. Ẹnu náà wọ́ nínú fọ́tò, ó tiẹ̀ wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé, èyí náà ti bàjẹ́? Mo tún rò ó wò bóyá kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló níṣòro. Màmá na ọwọ́ sí ife tíì, ife náà bọ́, ó fọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ rọra," ojú mi ṣì wà lára kámẹ́rà. Mo ń fi àwòrán méjì wé ara wọn. Nígbà náà ni mo rí férémù fèrèsé tó wà ní apá ibi tí ẹnu náà ti wọ́, tó yẹ kóun náà wọ́ bó bá jẹ́ lẹ́ńsì ni. Ó gún régé. Ó gún régé nínú ti ọjọ́ Ẹtì náà.

Mo gbé kámẹ́rà kúrò lójú. Kò sí gíláàsì kankan láàárín èmi àti Màmá mọ́, ẹnu náà sì wọ́ níwájú mi báyìí.

Mo ní, "Màmá, kí ló ń ṣe yín?" Ó dá mi lóhùn. Ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Lọ́sibítù, dókítà náà ń sáré sọ̀rọ̀. Ó ní rọpárọsẹ̀ ni. Ó ní, "Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i?"

Mo ní, "Láàárọ̀ yìí."

Mi ò ronú kí n tó sọ ọ́. Ojú ló tì mí, ẹnu mi sì ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní bó bá jẹ́ àárọ̀ yìí ni, abẹ́rẹ́ kan wà tó lè tú ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ, àwọn ò tíì pẹ́ jù. Ó ní bó bá ti pẹ́ lára ni kò ṣeé fún èèyàn, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya nínú orí. Ó yíjú, ó ń lọ. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ẹ̀yìn aṣọ funfun rẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo sáré tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kọ́kọ́ dúró. Mo rò ó pé bóyá kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó sáré.

"Dókítà! Ẹ dúró! Ọjọ́ Ẹtì ni."

Kámẹ́rà ṣì wà lọ́rùn mi, mo ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Mo ṣí i fún un. Ẹtì. Àbámẹ́ta. Àìkú. Ajé. Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ hàn lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ó wò wọ́n títí dé ìparí, ó tún padà sí èyí àkọ́kọ́.

"Ta ló yà wọ́n?"

"Èmi ni."

Ó dá kámẹ́rà padà fún mi. Wọn ò fún Màmá ní abẹ́rẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, nígbà tí nǹkan rọlẹ̀ díẹ̀, ó sọ fún mi pé rọpárọsẹ̀ ti ọjọ́ Ẹtì kéré, pé irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń rí, tí wọ́n á fún èèyàn lóògùn kí ńlá má baà tẹ̀ lé e. Ó rọra sọ ọ́. Kò ṣe bíi pé ó fẹ́ fi dùn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22/10

Àbúrò mi dé. Ó ti sunkún nínú ọkọ̀, ó ti nu ojú, ó wọlé bí àlejò. Ó jókòó ti Màmá títí wọ́n fi lé wa jáde. Nígbà tá a délé, kó tó bọ́ bàtà, ó ní:

"Àǹtí mi, mo béèrè lọ́wọ́ yín."

"O béèrè."

"Ẹ ní lẹ́ńsì ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ tiẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Mo gbà yín gbọ́, torí ẹ̀yin lẹ mọ fọ́tò."

Kò pariwo. Ó wọ kíṣìnnì, ó fọ gbogbo abọ́ tó wà níbẹ̀, títí kan àwọn tó mọ́. Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Ọjọ́rú, 26/10

Ọwọ́ ọ̀tún Màmá ti ń gbé sókè díẹ̀. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tá a bá sọ, ó ń mọ̀ wá, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú apá ẹnu kan. Ọ̀rọ̀ ni kò sí. Tó bá fẹ́ sọ nǹkan, á ya ẹnu, á dúró, á máa wá a, á sì pa ẹnu dé. Màmá! Tó jẹ́ pé bí iná bá lọ nínú ilé, ohùn rẹ̀ la fi ń mọ ibi tí ìlẹ̀kùn wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29/10

A gbé e wálé. Àbúrò mi padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọsibítù fún wa ní obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa kọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sọ nù bí á ṣe rí i padà. Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ ni mo ń pè é. Á máa wá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀nà tirẹ̀ rí báyìí: kì í gbé ọ̀rọ̀ sí aláìsàn lẹ́nu. Á béèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ sọ lónìí?" á sì dúró. Ohun tó bá jáde, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, ìyẹn la máa lò. Ará ilé á di aláìsàn lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì á jọ sọ ọ́ pọ̀, lẹ́nu kan náà, títí aláìsàn á fi lè dá a sọ. Lẹ́yìn tó bá lọ, a óò máa ṣe é láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí á fi padà dé. Ó ní ọ̀rọ̀ tó wá láti inú èèyàn fúnra rẹ̀ ló ń yá padà bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3/11

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ Màmá: "Rárá." Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ ní kó mu omi ni. A jọ sọ rárá, rárá, rárá, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lọ́kọ tí kò fẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo wọ yàrá lọ, torí mo rántí pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ọjọ́ Ajé, 7/11

Mo dá 35 padà. Súúmù wà ní pẹpẹ ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú àwọn àwókù. Olójú-Mẹ́rin ní òun tú u lẹ́ẹ̀mejì, òun ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ariwo mi ti dé etí àwọn èèyàn, kò sẹ́ni tó fẹ́ mú un lọ sílé mọ́. Òun ti ń rò ó pé kóun yọ gíláàsì rẹ̀ fún àtúnṣe òmíràn.

Mo ní, "Lẹ́ńsì yín ò ṣe nǹkan kan. Ẹnu ìyá mi ló wọ́."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Mi ò rí ojú rẹ̀ láìsí awò rí, ó kéré bí ojú ọmọ tuntun. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mádáàmù." Lẹ́yìn náà ó ní, "Wọ́n ń gbádùn?" Mo ní wọ́n ń gbìyànjú.

Mo ní kó gbé súúmù náà fún mi. Ó ní tó bá jẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ni, kí n má yọ ara mi lẹ́nu, òun lè fún mi ní 35 kí n máa lò ó lọ. Mo ní súúmù ló dára fún gbogbo iṣẹ́ mi, láti ọjọ́ tí mo ti gbé e sójú ni mo ti mọ̀. Ó fẹ́ yọ owó kúrò lórí rẹ̀ fún mi, mi ò gbà. Ó ní, "Ó dára púpọ̀, àbí kí ni mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn?" Ó sọ ọ́ tán, ó ṣe é bíi kó gbé e mì padà.

Mo ti ní lẹ́ńsì. Àwọn oníbàárà méjì yẹn ò sí níbẹ̀ kí n lè sọ ọ́ létí wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12/11

Iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ọpẹ́ ni. Súúmù ya ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án láàárọ̀, ó ya ọmọ jòjòló lọ́sàn-án, mi ò yí nǹkan kan padà. Kò ní àléébù kankan.

Màmá nawọ́ sí kámẹ́rà nígbà tí mo wọlé, ó tún nawọ́ sí àga ẹ̀bá fèrèsé. Ó fẹ́ kí n ya òun. Mo ní bátìrì ti kú. Kò kú. Ó wò mí, ó mi orí, ó gbà á. Gbogbo ohun tí mo bá sọ ló ń gbà.

Ọjọ́ Ẹtì, 18/11

Àbúrò mi pè. Ó ní, "Ṣé ẹ ti sọ fún Màmá?"

Mo ní ara rẹ̀ ò tíì le tó.

"Ara tiwọn, àbí tiyín?"

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

"Ẹ sọ fún wọn, Àǹtí mi. Ẹ mọ bí mo ṣe rí. Bí mo bá tún wá, ó máa já bọ́ lẹ́nu mi, kò sì ní dáa kó jẹ́ ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rù Màmá ń bà mí bíi ti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Tó bá bínú sí mi, tí kò sì rí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi bínú ńkọ́? Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22/11

Mo ti sọ ọ́. Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ kò wá lónìí, ó lọ ìpàdé. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Màmá, mo ṣí fọ́tò ọjọ́ Ẹtì yẹn fún un. Mo ní, "Màmá, ọjọ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀. Mo rí i. Mo ní lẹ́ńsì ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo tó gbé yín lọ. Mo tún purọ́ fún dókítà. Ká ní mo ti gbé yín lọ lọ́jọ́ Ẹtì, bóyá ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lónìí."

Ó gba kámẹ́rà. Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka òsì tẹ̀ ẹ́, ó ń wo èyí tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Ó gbé e fún mi padà, ó yí ojú sí fèrèsé. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Kò wẹ̀yìn.

Ọjọ́rú, 23/11

Kò jẹ́ kí n wẹ̀ fún òun. Kò jẹ́ kí n wọṣọ fún òun. Ó fi ọwọ́ òsì nìkan de bọ́tìnnì ara rẹ̀, ó sì ṣì wọ́n de. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wà títí di alẹ́. Mi ò lè sọ pé kó jẹ́ kí n tún un ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 24/11

Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ dé láàárọ̀, òjò ti pa á. Ó jókòó síwájú Màmá, èmi jókòó lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, torí mi ò mọ̀ bóyá Màmá á fẹ́ kí n sún mọ́ òun. Ó béèrè bó ṣe máa ń béèrè, "Màmá, kí lẹ fẹ́ sọ lónìí?" ó sì dúró.

Màmá pẹ́. Mo rò pé "tíì" ló máa sọ, tàbí "rárá." Ó gbé ọwọ́ òsì, ó nà án sí mi.

"Ọmọ mi ni."

Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ gbé orí sókè. Òógùn ti bo iwájú orí Màmá.

"Ó rí i." Ó tún dúró. Ètè rẹ̀ ń wá nǹkan, ó ń gbọ̀n. "Kò... kò gbé mi lọ."

Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ pàtẹ́wọ́, ó fò dìde lórí àga. "Màmá! Mi ò tíì gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu yín rí, ẹ wá sọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà! Ẹ tún un sọ, ẹ tún un sọ!"

Màmá tún un sọ. Ó mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà yìí ni Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ tó gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wò mí, ó wo Màmá, ó rọra jókòó padà.

Ó ní, "A lè wá òmíràn."

"Rárá," ni Màmá wí. "Èyí."

Mo ti ń sunkún, mi ò tiẹ̀ mọ èyí tó fà á, bóyá ohun tó sọ ni àbí bó ṣe sọ ọ́. Inú mi bàjẹ́, inú mi sì ń dùn, mi ò mọ bí mo ṣe lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Mo ní, "Èyí tí wọ́n sọ yìí náà ni ká lò." Mo fa àga mi sún mọ́ ọn. Màmá fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tí kò lágbára, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Mo fẹ́ sọ pé "ọmọ yín ni." Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ mi orí. Bí aláìsàn bá ṣe sọ ọ́ ni. A bẹ̀rẹ̀, èmi àti Màmá, lẹ́nu kan náà: Ọmọ mi ni. Ó rí i. Kò gbé mi lọ. A sọ ọ́ sókè, a sọ ọ́ jẹ́jẹ́, títí Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ fi ní ó tó. Kó tó lọ, ó ní ká máa ṣe é láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ yìí, Màmá fúnra rẹ̀ ló pè mí jókòó. "Ọmọ mi ni," ó ti ń dá ìyẹn sọ. "Ó rí i" náà ti mọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Gbé" ló ṣì ń le fún un, ó máa ń há sí ètè ọ̀tún yẹn. Tó bá débẹ̀, á fún ọwọ́ mi, á máa wò mí lẹ́nu, èmi á sì sọ ọ́ fún un.